Ìwé Ìtọ́jú Ẹṣin Mùrí Aránfìlà

Nígbà tí Mùrí ti agbo ilé Aláràn-án nílùú Ìwó fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì fọwọ́ kan ẹṣin rí. Bàbá rẹ̀ kò ní ẹṣin, bàbá bàbá rẹ̀ kò ní. Fìlà ni wọ́n ń rán nílé wọn. Ẹṣin tí Mùrí mọ̀ kò ju èyí tó máa ń rí lọ́jọ́ Iléyá tí àwọn ìjòyè bá ń gùn ún lọ sí Yídì, ẹ̀yìn ògiri ló sì ti máa ń wo ìyẹn náà, nítorí ẹ̀rù pátákò ń bà á. Ọkùnrin yìí kan náà ni gbogbo àdúgbò wá ń pè ní Mùrí Ẹlẹ́ṣin títí tó fi darúgbó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1954 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ ládùúgbò wọn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n máa ń pàdé nínú yàrá kan nílé ìwé àwọn ọmọdé. Àwọn àgbàlagbà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Olúdáre ni orúkọ tíṣà wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ilé-Ogbó ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà débi pé kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ohun tó kà kò dára. Bí bàbá kan bá rí “ajá” tó pè é ní “àjà,” Olúdáre á tẹrí ba, á ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ó kù díẹ̀.”

Wọ́n mọ a, b, d tán, ó wá kan ìwé kíkà. Olúdáre kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń pín ìwé pé kí wọ́n fi ìwé àkọ́kà ránṣẹ́ sí àwọn. Ó pẹ́ kí àpótí náà tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìwé ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, Yorùbá sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni *Ìwé Ìtọ́jú Ẹṣin fún Ẹni tí Ó Ní Ẹṣin*. Òyìnbó kan tó jẹ́ oníṣègùn ẹran ló kọ ọ́, ẹnìkan sì bá a túmọ̀ rẹ̀. Ó dájú pé àwọn ẹlẹ́ṣin kan wà níbìkan tí wọ́n ń retí rẹ̀, tí wọ́n jókòó ti ẹṣin wọn, tí wọ́n ń fi ìwé àwọn ará Ìwó kọ́ a, b, d.

Olúdáre tún kọ̀wé. Wọ́n fèsì pé kí ó máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ ná. Ló bá pín in fún wọn.

Ọjọ́ kejì ni ìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé náà kò ní àmì ohùn kankan lórí, kò sì ní àmì nísàlẹ̀. Ìwé ní kí a di gàárì mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin kí ó le. Oyèdèjì, àgbẹ̀ kan tó máa ń jókòó ti Mùrí, ka gàárì sí gààrí. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbin ẹ̀gẹ́, òun kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń di gààrí mọ́ nǹkan lẹ́yìn kí ó le, àfi bí wọ́n bá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ẹ̀yìn, eyín ni, pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ ẹṣin náà. Wọ́n jiyàn títí ìrun Màgáríbì fi dé. Nígbà tí wọ́n ní kí Olúdáre dá a, ó ní àwọn méjèèjì ló kù díẹ̀.

Nígbà tó yá, àpótí mìíràn dé, ìwé àkọ́kà gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn dá ìwé ẹṣin padà tayọ̀tayọ̀, àfi Mùrí. Ó gba ìwé tuntun lóòótọ́, ó kà á débi tí Àdìó ti lọ sí odò, tí Àdìó ti odò dé, tí Àdìó tún fẹ́ padà lọ sí odò. Ibẹ̀ ló ti gbé e fún tíṣà padà.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkùnrin yìí.”

“Ìwé àkọ́kà ni, sà,” ni Olúdáre wí. “Kò yẹ kí nǹkan ṣe é.”

“Nǹkan ń ṣe ẹṣin,” ni Mùrí dáhùn.

Òótọ́ ló sì sọ. Nínú ìwé ẹṣin, kò sí ojú ewé tí nǹkan kò ti ń ṣẹlẹ̀. Inú a máa run ẹṣin. Ẹ̀rù òjìji ara rẹ̀ a máa ba ẹṣin. Bí wọ́n bá ta ẹṣin kejì rẹ̀, ẹṣin a máa kọ oúnjẹ. Mùrí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fara balẹ̀ wo ohun ẹlẹ́mìí kan tó bẹ́ẹ̀, kí ó máa béèrè pé kí ló ń dun ìwọ yìí. Bó bá ń rán fìlà, orí itan rẹ̀ ni ìwé náà máa ń wà, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ètè rẹ̀ á máa mì. Bó bá kà á tán, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ka Kùránì.

Mùrí ní ìyàwó kan, Fàtímọ̀, ọmọ Alfa Àmúdà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Èlùbọ́ ni Fàtímọ̀ ń tà. Lọ́jọ́ ọjà, á fi ẹsẹ̀ rìn dé Ilé-Ogbó, á ra èlùbọ́, á rù ú padà. Kí ìwé ẹṣin tó dé, bó bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni Mùrí á ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: ibo lo ti ń bọ̀, ta ló dá ọ dúró, ṣé kí ebi pa mí kú ni. Fàtímọ̀ náà á dúró, á fún un lésì pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìjà wọn kì í le, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Mùrí kan ibì kan nínú ìwé náà tó ní: “Ẹṣin tí ó ti ìrìnàjò dé kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo. Má ṣe ti ẹ̀yìn yọ sí i. Apá òsì ni kí o gbà, kí ó lè rí ọ. Sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Fún un ní omi tí kò tutù jù, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi mí kanlẹ̀.” Mùrí ki abẹ́rẹ́ bọ inú fìlà, ó gbójú sókè. Kì í ṣe ẹṣin ló wá sí i lọ́kàn, nítorí kò ní ẹṣin.

Nígbà tí Fàtímọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ gba apá òsì yọ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé omi fún un nínú igbá, ó sì takété, ó ń wò ó.

“Ta ló kú?” ni Fàtímọ̀ bi í.

Mùrí mi orí pé kò sẹ́ni tó kú.

“Kí lẹ bàjẹ́, nígbà náà?”

Mùrí kò dáhùn, nítorí obìnrin náà kò tíì mí kanlẹ̀. Fàtímọ̀ mu omi tán, ó yí gbogbo ilé ká, ó ń wá ohun tí ọkọ rẹ̀ bàjẹ́. Kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bákan náà ni; nígbà tó mí kanlẹ̀, Mùrí tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ẹrù.” Nígbà tó ṣe, ó jáwọ́ nínú wíwá a.

Bí Mùrí ṣe ń kà á ni ó ń ṣe é. Ìwé ní ẹni tó bá fi pátákò ṣeré kò ní ẹṣin mọ́; Mùrí bẹ̀rẹ̀ sí í po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń fi àdí pa àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ìwé ní ẹni tí inú ń bí kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹṣin. Bí inú bá bí Mùrí, ìta ni yóò dúró sí títí yóò fi rọ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé rí i tó dúró sí àgbàlá nínú òjò, fìlà rẹ̀ rin gbindin. Wọ́n bi í pé kí ló dé.

“Inú ń bí mi ni,” ni Mùrí wí, ó sì ń dúró lọ.

Bí Fàtímọ̀ bá béèrè ibi tó ti kọ́ gbogbo èyí, á ní inú ìwé òun ni. Bó bá ní ìwé wo, á ní, “Ìwé Ìtọ́jú.” Kò purọ́. Ìyókù orúkọ ìwé náà nìkan ló ń gbé mì.

Ibì kan péré ni ìwé náà ti já a kulẹ̀. Nígbà tí Fàtímọ̀ lóyún, Mùrí lọ ka ibi oyún, ìwé ní oṣù mọ́kànlá ni. Mùrí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe abo ẹṣin. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò tíì purọ́ fún un rí, ọkàn rẹ̀ sì pín sí méjì. Nígbà tí Alfa Àmúdà bi í bóyá ó ti ra àgbò ìsọmọlórúkọ, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, ó ṣì ku bí oṣù méjì.” Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n bí Ràhámọ̀tù, tí gbogbo ẹbí fi ń wá àgbò kiri títí dé Kuta. Alfa bi í léèrè pé báwo ló ṣe ń ka oṣù. Mùrí ní ìwé òun ló ṣì í lọ́nà. Alfa mi orí, ó ní bí ìwé àwọn onísúkúù ṣe rí nìyẹn.

Gbogbo àwọn obìnrin àdúgbò ń fi Fàtímọ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún ọkọ wọn. Ayé yẹ ẹ́ títí di ọdún 1957, tí ẹṣin kan jókòó sí ọjà Odò-Orì.

Ísá ló ni ẹṣin náà, Gàm̀bàrí kan tó ń ra obì. Ọjọ́ ọjà ni. Ẹṣin náà dé àárín ọ̀nà gan-an, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì kọ̀, kò dìde. Ísá ń pariwo “Tashi, tashi,” pé kí ó dìde, ẹṣin kò tilẹ̀ yíjú. Lọ́rí kan tó fẹ́ kọjá fọn fèrè títí ó sú awakọ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n dáná sí i nídìí, àwọn kan ní ẹ̀mí ni. Oyèdèjì tó wá ta iṣu ló wá ní kí ẹnìkan lọ pe Mùrí aránfìlà.

“Kí ni aránfìlà mọ̀ nípa ẹṣin?” ni Ísá bi í.

“Kò sí ohun tí kò mọ̀,” ni Oyèdèjì dáhùn. “Àwa méjèèjì la jọ ka ìwé rẹ̀. Èmi gbàgbé tèmi, òun ò gbàgbé tirẹ̀.”

Wọ́n fà á wá. Nígbà tí Mùrí rí i bí ẹṣin ṣe tóbi tó lórí ìdúbúlẹ̀ pàápàá, ó wá ògiri tí yóò sá sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí. Gbogbo ọjà ń wò ó. Kò sí ohun tó lè ṣe ju ohun tó mọ̀ lọ. Ó gba apá òsì, ó rọra ń yọ bọ̀ kí ẹṣin lè rí i. Ó ní kí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi tí kò tutù jù. Ó gbé igbá omi síwájú ẹṣin, ó takété, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dákẹ́. Nígbà tí ẹṣin náà mí kanlẹ̀, Mùrí fi ohùn jẹ́jẹ́ wí fún un pé, “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ẹrù. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

Fàtímọ̀ dúró láàárín èrò, àpò èlùbọ́ lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló rí. Ó mọ apá òsì yẹn. Ó mọ igbá náà, ó mọ bí orí yẹn ṣe ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mọ “ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ẹrù” yẹn bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

“Bàbá Oyèdèjì,” ló wí, “ìwé wo lẹ ní ó ń kà?”

“Ìwé ìtọ́jú ẹṣin ni,” ni Oyèdèjì wí. “Ṣé kò sọ fún un yín ni?”

Ẹṣin mu omi náà tán. Lẹ́yìn náà, ó na ọrùn, ó fi eyín gba fìlà lórí Mùrí, ó rún un jẹ, ó sì padà dùbúlẹ̀. Nígbà tó wù ú ló dìde, wọ́n ti pa ọjà nígbà náà. Ṣùgbọ́n Mùrí kò rí ìyẹn, nítorí pé nígbà tó fi orí òfìfo dé ilé, Fàtímọ̀ ti gbé Ràhámọ̀tù pọ̀n, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀.

Alfa Àmúdà ránṣẹ́ pe Mùrí, ó ní kí ó mú ìwé náà dání. Nígbà tí Mùrí dọ̀bálẹ̀ tó dìde, ó bá Alfa àti àwọn àbúrò wọn méjì lórí ẹní, Fàtímọ̀ jókòó sí igun, ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbékẹ́, sì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Alfa gba ìwé, wọ́n ṣí i láti ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé kéwú, wọ́n wò ó, wọ́n yí i po. Kéwú ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ a, b, d. Ẹni tó jẹ́bi nìkan ló lè ka ẹ̀sùn rẹ̀.

“Kà á fún wa,” ni Alfa wí. “Má fo ọ̀kankan.”

Mùrí kò fo ọ̀kankan. Ó ka ti ẹrù, ó ka ti omi, ó ka ti pátákò. Ìtìjú ń pa á, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, adùn ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ bó ṣe máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Alfa ní òun kò gbà pé omi tí kò tutù jù ló dára fún ẹṣin. Èkejì ní kí ni òun náà mọ̀ nípa ẹṣin, pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibi tó kàn.

“Mùrí,” ni Ìyá Àgbékẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà, “tún ibi omi yẹn kà.”

Mùrí tún un kà.

“Fàtímọ̀, ṣé gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ṣe é?”

“Gbogbo ọjọ́ ọjà ni, ìyá mi. Bí òjò bá ń rọ̀, á gbé agboorùn wá pàdé mi lọ́nà.”

“Ó sì ń fi àdí pa ọ́ lẹ́sẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ méjèèjì.”

Ìyá Àgbékẹ́ gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n yíjú sí ọkọ wọn. “Bàbá Fàtímọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti bu omi fún mi?”

Alfa wúkọ́. Àbúrò wọn kan gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

“Ọ̀rọ̀ Mùrí là ń sọ,” ni Alfa wí.

“Òun náà ni mo ń sọ,” ni Ìyá Àgbékẹ́ dáhùn.

Alfa rí i pé bí ìjókòó yìí bá pẹ́ jù, ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò parí sí. Wọ́n yára kọjú sí Mùrí. “Èyí tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ ni pé, ṣé ẹṣin lo ka ọmọ mi sí?”

“Rárá, Bàbá,” ni Mùrí wí, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. “Ìwé ẹṣin ni wọ́n kó wá fún wa. Ká ní ìwé ìyàwó ni wọ́n kó wá, òun ni ǹ bá kà.”

Àwọn àgbà náà wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rí ìwé ìyàwó rí nínú wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ohun bá a wí sí.

Fàtímọ̀ ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. “Kí ó tó ka ìwé yìí, orí ìdúró la ti máa ń jà, pẹ̀lú ẹrù lórí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹṣin sàn jù mí lọ nígbà yẹn. Kì í ṣe ẹṣin ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó mọ ibi tí ìwé náà ń lọ, èmi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń na ẹṣin níbi tó kàn ńkọ́?”

“Wọn ò nà án,” ni Mùrí wí.

“Èmi fúnra mi ni yóò rí i,” ni Fàtímọ̀ dáhùn.

Bó ṣe padà sílé nìyẹn, pẹ̀lú àdéhùn pé òun náà yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó bá Àdìó lọ sí odò, ó bá a ti odò dé, ó sì gbà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkùnrin náà. Olúdáre ń sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun, mà, ó kù díẹ̀.” Nígbà tí kò ku díẹ̀ mọ́, ó gba ìwé ẹṣin lọ́wọ́ Mùrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nídìí igbá èlùbọ́. Ìwé náà dùn mọ́ ọn. Wọ́n wá ń jiyàn lórí rẹ̀ bí tọkọtaya mìíràn ṣe ń jiyàn lórí ẹbí ara wọn. Nígbà tó ń kà á ló rí i pé ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Fàtímọ̀ ta omi sí i, ó fi abẹ́rẹ́ ya wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ tán, ó sì pa ìwé náà dé.

Ní ọdún 1959, àwọn ọ̀rẹ́ Mùrí fi obìnrin kan ní Kuta tó ń jẹ́ Àtọ́kẹ́ hàn án, pé kí ó fi ṣe ìyàwó kejì. Obìnrin náà rẹwà, fìlà tí Mùrí ń rán sì ń tà dáadáa. Ó ronú ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá sọ ọ́ fún Fàtímọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ará ilé jókòó sí àgbàlá. Ó ní òun ń rò ó ni o, òun kò tíì ṣe é.

Fàtímọ̀ kò bínú. Ó wọlé, ó gbé ìwé jáde, ó ṣí i síbi tí ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ etí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“‘Bí a ti ń tẹ akọ ẹṣin lọ́dàá. Akọ ẹṣin tí ó bá ń fo ọgbà lọ bá abo ẹṣin ní ọgbà ẹlòmíràn kì í ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kí ara lè tù ú, wá ọkùnrin mẹ́rin tí ó lágbára.’” Ó dúró, ó gbé ìwé náà súnmọ́ Mùrí, ó fi ìka tọ́ka. “Bàbá Ràhámọ̀tù, ẹ jọ̀ọ́, kò sí àmì lórí rẹ̀. Ṣé ‘mẹ́rin’ ni wọ́n kọ síbí?”

Mùrí wò ó. “Mẹ́rin ni.”

“Mo ní àbúrò ọkùnrin mẹ́ta,” ni Fàtímọ̀ wí. “Oyèdèjì á ṣe ìkẹrin.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní àgbàlá. Wọ́n ń dúró kí ó ka ibi tó kù. Mùrí rọra pa itan rẹ̀ méjèèjì dé, ó fa fìlà tó ń rán mọ́ra, ó sì ní òwú ti tán nínú abẹ́rẹ́ òun, bóyá ẹnìkan lè bá òun mú òmíràn wá.

Àtọ́kẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn lọ́dún tó tẹ̀lé e, onímọ́tò kan ní Ilé-Ogbó. Mùrí ni wọ́n gbé iṣẹ́ fìlà ọkọ ìyàwó fún, abetí ajá aláwọ̀ ewé, ó sì rán an dáadáa.